Bá A Ṣe Gbá Kíríkẹ́ẹ̀tì ní Ìkòsì

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wà ní Ìkòsì nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín. Wọ́n á ní, "Ìkòsì wo? Ìkòsì Kétu yìí? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì náà ni wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì?" Wọ́n á ní eré àwọn olówó ni, eré òyìnbó tó wọ ṣòkòtò funfun. Ẹ rín dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rín tán, kẹ́ ẹ jókòó kí n sọ fún yín, torí mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló kọ gbogbo ayò tí wọ́n jẹ sínú ìwé fún ohun tó lé ní ọdún kan, ọwọ́ mi yìí náà ló di báàtì mú lọ́jọ́ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dì í mú. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí inú mi ń dùn, mi ò tiẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ṣá máa fara dà á.

Ọ̀gá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀gá tí mò ń wí yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, láti apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, yàrá tó kọjú sí tiwa ni wọ́n ń gbé nínú ilé oníyàrá méjìlá kan. Nígbà tí wọ́n wà ní síkúùlù láyé àtijọ́, òyìnbó tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló kọ́ wọn ní kíríkẹ́ẹ̀tì, àtìgbà náà leré yẹn ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Tí wọ́n bá mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, kí wọ́n tó gbálẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa ọmọdé ilé yẹn rò pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn síkúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, létí kánàlì, ibi tí gbogbo àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí. Ọ̀gá lọ bá mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ náà, àwọn yẹn ní, "Tẹ́ ẹ bá lè kó ìdọ̀tí yẹn, ẹ máa ṣeré níbẹ̀." Wọ́n rò pé kò lè ṣeé ṣe. Ọ̀gá kó àwọn bọ̀ọ̀dá àdúgbò jọ, bíríkìlà, àwọn tó ń ti ọmọlanke ní Mile 12, fọkanáísà tó wà ní jọ́ńṣọ̀n wa, wọ́n sì ń kó o ní gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́ta. Àwọn èèyàn tún ń wá dà á padà! Obìnrin kan gbé garawa dé, ó rí Ọ̀gá níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ fẹ́ kí n wá dà á sí báyìí?" Ọ̀gá ní, "Sí iwájú ilé ọkọ rẹ." Bí ìdọ̀tí ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kò le rárá. Igi mẹ́ta wà ní òòró lápá ibí, igi mẹ́ta wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àárín méjèèjì la fi síméńtì rẹ́, kí bọ́ọ̀lù lè máa ta. Ẹnì kan á jù ú láti ọ̀hún, ẹni tó di báàtì mú á dúró níwájú igi tiẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ba igi ẹ, áùtì, o ti kúrò nínú eré nìyẹn. Tó o bá gbá a sókè tí wọ́n hán an, áùtì. Ṣùgbọ́n tó o bá gbá a lọ, ìwọ àti èkejì ẹ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán á sáré pàrọ̀ ààyè, ayò kan nìyẹn. Tó bá kọjá ààlà, ayò mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́; tó bá fò ó kọjá láìbalẹ̀, mẹ́fà. Àwọn mọ́kànlá á gbá tiwọn tán, àwọn mọ́kànlá kejì á wá gbá tiwọn. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí igi nígbà gbogbo, torí náà tí mẹ́wàá bá ti jẹ áùtì, ó parí. Ó tán. Ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ ọ́n.

Láti igi dé igi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínláàádọ́rin, Ọ̀gá mọ èyí lórí bí orúkọ ara wọn. Nǹkan tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n ni wọn ò ní. Mummy mi télọ̀ ni wọ́n, wọn ò sí nílé lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá kàn na ọwọ́ wọ yàrá wa, wọ́n mú téèpù Mummy lórí máṣíìnì, wọ́n lọ fi wọn ilẹ̀, bíríkìlà wa da síméńtì, ó gbẹ, ó le, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó tún ronú nípa téèpù yẹn mọ́ fún ọdún mélòó kan.

Báàtì àkọ́kọ́, pákó àpótí ni káfíńtà fi gbẹ́ ẹ. Mummy fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti àjákù ańkárá rán páàdì tí wọ́n ń so mọ́ ojúgun, ọ̀kan pupa, ọ̀kan olódòdó. Kápítẹ́nì wa, ìyẹn fọkanáísà ọ̀hún, ri táyà tó ti kú mọ́lẹ̀ yípo pápá, òun ni ààlà wa. Bọ́ọ̀lù ló jẹ́ ojúlówó, awọ, pupa, ó le bí òkúta. Méjì péré la ní, ará Gbàgádà kan ló tà á fún Ọ̀gá. Nítorí náà òfin kan wà: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọ kánàlì, òun fúnra ẹ̀ ló máa wọ inú ẹ̀ lọ mú un. Ẹ ò rí i bí àgbà bíríkìlà ṣe ń bọ́ ṣòkòtò létí kánàlì tí gbogbo àdúgbò ń pàtẹ́wọ́!

Bí mo ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Mo wà ní SS1. Mummy rán mi lọ fún wọn ní páàdì tí wọ́n tún rán, mo bá dúró wòran. Bọ̀ọ̀dá tó ń kọ ayò sínú ìwé ti da gbogbo ẹ̀ rú. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ayò mẹ́ta ni wọ́n sá yẹn, méjì lẹ kọ." Ọ̀gá gbọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Mo kàn ń wò yín látorí fẹ́ńsì ni."

Wọ́n gba bíró lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn, wọ́n fún mi. Látọjọ́ náà "Akọ̀wé" lorúkọ mi. Mo jókòó lórí táyà ní gbogbo Sátidé, mò ń kọ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jù ú, ẹni tó gbá a, ibi tó gbà lọ. Ní apá òsì ìwé náà ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń gbá sí. Mo ti kọ orúkọ gbogbo wọn síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Mi ò kọ tèmi síbẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ láyé mi nígbà yẹn kò ju kí n kọ orúkọ mi sí apá òsì yẹn, kó má jẹ́ ìtàn, kó jẹ́ pé mo gbá a lóòótọ́.

Mo lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbá ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan kí ni? Ṣé o rí bọ́ọ̀lù yìí? Òkúta ni. Tó bá kó eyín ẹ jáde, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ẹ?"

"Màá sọ fún wọn fúnra mi, sà."

"Pẹ̀lú eyín wo?"

Háà, àwọn yẹn rẹ́rìn-ín! Bíríkìlà dojú bolẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀, Ọ̀gá ti jẹ ayò mẹ́fà." Mo rẹ́rìn-ín náà, torí kí ni kí n ṣe? Ṣùgbọ́n inú mi ní, á dáa. Á dáa o.

Kápítẹ́nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí mò ń bọ̀ láti síkúùlù, ó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó to táyà mẹ́ta léra lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Igi ẹ nìyẹn. Dúró níwájú ẹ̀." Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ló kọ́kọ́ ń jù sí mi, lẹ́yìn oṣù méjì ó mú ojúlówó wá. Tí oníbàárà bá dé pé táyà òun jò, á ní, "Ẹ jẹ́ n ju mẹ́ta yìí tán." Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "Akọ̀wé, má wo ojú mi, ojú mi ò ní bà ẹ́. Bọ́ọ̀lù ni kó o wò." Ojúgun mi wú, itan mi dúdú. Mummy rí i lọ́jọ́ kan tí mò ń wẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Mo ṣubú ni, Mummy."

"O ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin lójú kan náà?"

Mo yára da omi sórí. Wọn ò sì bi mí mọ́.

Mo ti wọ SS2, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan dá mọ́tò dúró létí pápá wa ní Sátidé kan. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni pé àlá ló ń lá. Ẹ̀sìtéètì onígéètì kan lápá Ṣàngíṣà ló ń gbé, àwọn náà ní ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì, òun ni sẹ́kítírì wọn. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbá a lápá ibí." Kápítẹ́nì ní, "Àwa náà ò mọ̀ pé ẹ̀ ń gbá a lọ́hùn-ún, sà." Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́dọ̀ tiwọn.

Ọkọ̀ tó ń kó ata rodo wá sí Mile 12 ló gbé wa lọ, lẹ́yìn tó já ẹrù tán láàárọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Ìkòsì ń sín láti Kétu dé Ṣàngíṣà! Mummy tẹ̀ lé wa torí okùn páàdì tó máa ń já, wọ́n gbé báàgì abẹ́rẹ́ àti òwú wọn dání. A dé géètì, mẹ́gàádì wo ọkọ̀, ó gbóòórùn ata, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ já ata, géètì ẹ̀yìn ni o." Kápítẹ́nì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá mẹ́gàádì, àlejò tí wọ́n ń dúró dè ni wá. Ẹ ṣí i gbagada." Iwájú la gbà wọlé.

Pápá wọn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n gẹ koríko ẹ̀ bí orí ọmọ tuntun. Gbogbo wọn wọ funfun. Ọ̀gbẹ́ni Íńdíà kan wà láàárín wọn tó ga bí òpó iná, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan lọ́hùn-ún. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbá. Kápítẹ́nì wa sáré wá, ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ta lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ọsàn tó bọ́ lágbọ̀n. Ẹni tó di báàtì mú dúró dè é títí ó fi dé. Ó gbá a, mẹ́rin. Kápítẹ́nì tún jù ú. Bákan náà. Bíríkìlà jù ú. Bákan náà. Àwọn tó wà lórí àga ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ṣé ebi ń pa wọ́n ni?"

Ọ̀gá dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn síméńtì wọn láti igi dé igi. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ojú wọn yí padà.

"Ibí yìí gùn ju tiwa lọ."

Sẹ́kítírì wọn ní, "Mẹ́rìndínláàádọ́rin géérégé ni, sà."

"Tiwa náà mẹ́rìndínláàádọ́rin ni! Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n!"

Mummy mi gbé ojú sókè nídìí abẹ́rẹ́. "Ọ̀gá, kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Téèpù yín náà ni, Mummy Télọ̀."

"Téèpù mi wo? Èyí tí áyọ́ọ̀nù jó orí ẹ̀?"

Mummy ní, "Íńṣì márùn-ún ti jóná lórí ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Láti ẹ́ẹ̀fà ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi mọ̀, mo máa ń yọ márùn-ún yẹn kúrò. Ẹ ò bi mí!" Ní gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá na téèpù tán, wọ́n ń kà á sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kò sì pé. Ìgbà mẹ́tàlá àti díẹ̀ ni wọ́n nà án. Ẹ ṣírò ẹ̀. Láti ọdún yẹn wá, pápá wa kúrú ju bó ṣe yẹ lọ tó odindi gígùn èèyàn! Ọ̀gá sì ti ń yangàn káàkiri àdúgbò pé ọwọ́ àwọn ọmọ Ìkòsì yá ju ti gbogbo ẹni tí àwọn rí rí láyé.

Àwọn ará ẹ̀sìtéètì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Kápítẹ́nì ní, "Ó dáa, a ti mọ̀ ọ́n báyìí," ó pa ọwọ́ dà, ó ń ju bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ kó lè dé. Nígbà tó máa fi mọ́ ọn lára, wọ́n ti jẹ ayò tó pọ̀. Bíríkìlà wa sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kan, ó já sínú kòtò òdòdó tí wọ́n fi bíríkì yí ká, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, ó wú lójú ẹsẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ayò ni wọ́n jẹ kí a tó lé wọn tán. A nílò mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.

Ẹ wá gbọ́ ayọ̀ o! Ẹni àkọ́kọ́ wa tó lọ gbá, ó padà yí ojú sí wa lẹ́yìn bọ́ọ̀lù méjì, ó ń pariwo, "Ó ń falẹ̀! Bọ́ọ̀lù wọn ń falẹ̀!" Ẹ ò rí i? Pápá tó kúrú ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù lù wá láti ọdún wọ̀nyí wá, ojú wa ti yá. Lórí síméńtì tiwọn tó gùn, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, o ti rí i, o ti kí i, o ti bi í léèrè ilé. Wọ́n gbá a lápá ọ̀tún, wọ́n gbá a lápá òsì. Ọgbọ̀n. Àádọ́ta. Ọgọ́ta, méjì péré ti jẹ áùtì. Bíró mi ò sinmi. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn tó wà lórí àga.

Ìgbà náà ni wọ́n fún ọ̀gbẹ́ni Íńdíà ní bọ́ọ̀lù.

Mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹnì kan máa ń jù kí ẹlòmíràn tó gbà á láti apá kejì. Ọ̀gbẹ́ni náà á ju márùn-ún kíákíá, ẹ̀ẹ̀kẹfà á wá lọ́ra bí ìgbín, àwọn tiwa tí ojú wọ́n ti yá jù á gbé báàtì kọjá kí bọ́ọ̀lù tó dé, igi á fọ́n ká. Ẹnì kan. Ẹni kejì. Ẹni kẹta. Èmi tí mò ń kọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i, torí mò ń wò ó nínú ìwé: ẹ̀ẹ̀kẹfà, áùtì, ẹ̀ẹ̀kẹfà, áùtì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ẹ̀. Kó tó ju èyí tó lọ́ra, á kọ́kọ́ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń lọ gbá. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, kọ ìwé ẹ."

Wọ́n jẹ áùtì tán pátá. Ó ku Kápítẹ́nì nìkan nídìí igi, ayò mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, mẹ́jọ ló kù ká borí. Bíríkìlà ló yẹ kó wọlé, ó dìde, ó jókòó padà, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Sẹ́kítírì wọn ní, "Ẹ mú ẹlòmíràn, kò burú, eré ọ̀rẹ́ ni." Ẹlòmíràn wo? Dírẹ́bà ọkọ̀ ata ti sùn. Mo dìde.

"Èmi ni, sà."

Sẹ́kítírì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni màá fi jẹ áùtì. Ọ̀gá ló ń mi orí.

"Rárá. Ìwé ni tìẹ. Mi ò fẹ́ kí ìyá ẹ wá di ẹ̀wù mi mú."

Mummy mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ìgbà wo ni mo sọ fún yín pé kó má gbá a?"

"Mummy Télọ̀, mo mọ̀ pé..."

"Ẹ ò bi mí nípa téèpù, ẹ ò tún bi mí nípa ọmọ mi." Wọ́n na ọwọ́ sínú báàgì wọn, wọ́n fa páàdì méjì jáde. Tuntun ni. Kékeré. Ó mọ ojúgun mi géérégé. Wọ́n ti rán an, mi ò mọ̀! Ẹni tí mo parọ́ fún pé mo ṣubú ti wọn ojúgun mi lójú lásán, wọ́n rán páàdì sí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Mummy kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń so okùn ẹ̀, wọ́n ní, "Tó o bá tún sọ fún mi pé o ṣubú, màá nà ẹ́."

Ọ̀gá yí ojú sápá kan. Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi ò dúró gbọ́. Mo mú bíró, mo kọ orúkọ mi sí apá òsì, lábẹ́ gbogbo wọn. Mo gbé ìwé fún Mummy. Wọ́n ní, "Mi ò mọ èyí kọ." Mo ní kí wọ́n ṣá máa fa ilà, bí wọ́n ṣe ń fa ilà sórí aṣọ.

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló kù nínú mẹ́fà ọ̀gbẹ́ni Íńdíà. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù ní, "Sísì, ṣé o fẹ́ ká lọ gbé àga wá fún ẹ ni?" Mo ní, "Ẹ gbé e wá fún ara yín, ẹ máa tó rẹ̀." Ibo ni mo ti rí ẹnu yẹn? Mi ò mọ̀! Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bà mí ní itan, iná tàn lójú mi, mi ò pariwo. Ìkejì, mo kàn gbé báàtì sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kọ́, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn láti ju ìkẹta. Mo wo ọwọ́ ẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó tún un nù.

Mo dúró. Mo tún dúró. Gbogbo ara mi ní kí n gbá a, mo ní rárá. Bọ́ọ̀lù náà dé bí ẹni tó ń wá ọ̀nà, mo wá fi gbogbo ọwọ́ gbá a, ó gba àárín ẹni méjì kọjá, ó ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá ààlà. Mẹ́rin! Ẹ gbọ́ ariwo! Bíríkìlà tó ti yẹsẹ̀ ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. Kápítẹ́nì sáré wá bá mi láàárín, ó kàn sọ pé, "O ò wo ojú ẹ̀," ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn gba bọ́ọ̀lù, ó kan Kápítẹ́nì láti gbá a. Ó gbá a, a sá méjì, mo sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ fi kan parí ẹ̀, ó gbé e sókè, ó ga, ó ga, wọ́n hán an. Ó parí. Wọ́n fi ayò kan borí wa.

A pàdánù. Mo mọ̀. Mò ń sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé mi. Títí dòní ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn á rí orúkọ mi, á rí ilà mẹ́rin tí Mummy fà, kò sì sí áùtì níwájú ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Íńdíà wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé èyí tó lọ́ra ló ń bọ̀. Mo ní mi ò ní sọ.

Nínú ọkọ̀ tá a ti ń sín padà, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kétu, Ọ̀gá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ti òní nìyẹn o. Ti òní ti parí."

Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá a ní Ìkòsì báyìí ti tó mẹ́fà, ẹnì kan nínú wọn ju Kápítẹ́nì lọ lọ́wọ́ líle, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé eyín wo. Bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn, mi ò rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo dé pápá, Ọ̀gá na ìwé àti bíró sí mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Mi ò kọ ọ́ lónìí, sà. Mo fẹ́ gbá."

"Mo ní ti ọjọ́ yẹn ti parí. Tó ò bá fẹ́ kọ ọ́, máa lọ sílé."

"Mi ò lọ sílé, sà."

Mo so páàdì mi, mo lọ dúró níwájú igi. Kò sẹ́ni tó lè gbá nígbà tí mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, kúrò jàre." Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò, bọ́ọ̀lù nìyẹn. Tó bá ba igi mi, màá kúrò. Òfin eré nìyẹn, èmi kọ́ ni mo ṣe é." Wọ́n wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́mọlanke mú bọ́ọ̀lù, ó jù ú, mo dá a dúró. Ẹni kejì jù ú, mo gbá a. Kápítẹ́nì jù ú, kò rọra jù ú o, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi mi kọjá pẹ́kí, igi ò mì. Oòrùn ti gòkè. Ọwọ́ ń ro mí. Mi ò kúrò.

Ọ̀gá wá bọ́ bàtà wọn. Wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Kápítẹ́nì. Mi ò rí wọn kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù rí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sá, ọwọ́ wọn yí po bí abẹ̀bẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ta, ó sì yí ọ̀nà padà lójijì. Díẹ̀ ló kù! Mo fi etí báàtì gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó wọ kánàlì, gbúlà.

Ọ̀gá wo kánàlì, wọ́n wò mí, ojú wọn le koko.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn? Olórí kunkun! Ìgúnpá ẹ ń sùn, ẹsẹ̀ ẹ jìnnà síra bí ẹni tó ń pọn omi! Ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yẹn? Lọ mú bọ́ọ̀lù wá, kó o padà síbẹ̀ yẹn, kó o sì gbé ìgúnpá ẹ sókè!"

Bí wọ́n ṣe máa ń bú gbogbo àwọn tó ń gbá fún wọn nìyẹn. Wọn ò bú mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi sókè, mo wọ inú kánàlì lọ, omi dúdú dé mi lórúnkún, mò ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.